A Ní Ìyá Àgbà Lọ sí Kàdúná

Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ fún ìsìnkú Ìyá Àgbà, Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá àwọn sùn nínú Olúwa "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́." Oṣù mọ́kànlá ni àìsàn náà. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Mo wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí kókó náà kò tíì ju ẹkùrọ́ lọ títí di ọjọ́ tí a wẹ̀ wọ́n kẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú wọn máa ń bi mí pé irú ènìyàn wo ni Ìyá Àgbà, mo sì máa ń sọ pé ènìyàn dáadáa ni wọ́n, kí n lè bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá ka ìwé ìsìnkú yẹn kò lè mọ Ìyá Àgbà, kò sì lè mọ ohun tí a fojú wọn rí.

Ìyá Àgbà kò mọ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ní abúlé wa, tí kò jìnnà sí Akanran, bí wọ́n bá ń bá mi wí nídìí ààrò gàrí, ẹni tó ń ti odò bọ̀ ti máa mọ ẹ̀ṣẹ̀ mi kó tó délé. Wọ́n á máa yan gàrí, èéfín á bo ojú wọn, wọ́n á sì máa bá ará ojúlé kẹta ṣàwàdà láì dìde. Àǹtí Bísí kórìíra èyí. Iṣẹ́ ìjọba ni Àǹtí ń ṣe, Alákìá, nítòsí pápákọ̀ òfuurufú Ìbàdàn, ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń ti fèrèsé kí á tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n wá kí wa, wọ́n ní, "Màmá, ẹ rọra, gbogbo abúlé kọ́ ló yẹ kó gbọ́ pé inú ń run yín." Ìyá Àgbà dáwọ́ gàrí dúró, wọ́n wo Àǹtí bí ẹni tó ń wo àjèjì. Wọ́n ní, "Bísí, bí wọn ò bá gbọ́ pé inú ń run mí, ta ni yóò já ewé wá?"

Ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, àmọ́ àáró ni ẹ̀sìn wọn kejì. Ẹ bá mi bẹ ẹ̀gẹ́ mi lónìí, mo bá yín bẹ tiyín lọ́la: àwọn obìnrin mẹ́rin ló ń ṣe é ní abúlé wa, Ìyá Ṣọlá sì ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ìyá Àgbà láàárín wọn. Bí wọ́n ṣe jọ ń lọ sóko ni wọ́n jọ ń lọ sí ìjọ, wọ́n á wọ aṣọ funfun, wọ́n á rìn láìwọ bàtà, wọ́n á sì máa jà lójú ọ̀nà. Nígbà kan, Ìyá Ṣọlá kò wá sí àáró. Ìyá Àgbà ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ náà, wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Ṣọlá, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n jókòó tì í.

Ìyá Ṣọlá sáré jáde, ó fi orúkọ àkọ́bí wọn pè wọ́n. "Ìyá Akin, má bínú, àna mi ló dé láti Lálúpọn."

"Àna rẹ kò lọ́wọ́ ni? Mú ọ̀bẹ fún un."

Lóòótọ́ ni àna bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí agbọ̀n fi tán. Nígbà tí a ń padà lọ sílé, Ìyá Àgbà sọ fún mi pé kí n má rò pé ẹ̀gẹ́ ló dun àwọn. Wọ́n ní, "Àáró kì í kú. Ènìyàn ló ń kú."

Wọ́n ń ṣe àáró fún aláìsàn pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí epo gbígbóná dà sí Ìyá Ṣọlá lẹ́sẹ̀, Ìyá Àgbà ká ẹní wọn, wọ́n kó lọ sílé rẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n tún ń bá a jà pé kò jẹun. Èmi nìkan ni mo wà nílé, ebi sì ń pa mí, torí mi ò tíì mọ ọbẹ̀ sè dáadáa. Mo lọ fẹjọ́ sùn wọ́n lọ́dọ̀ ara wọn. Wọ́n ní kí n lọ jẹ gàrí, wọ́n ní ara mi le. "Ìhòòhò ni aláìsàn wà, Àbẹ̀kẹ́. Ènìyàn laṣọ rẹ̀."

Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì mi. Adéọlá ni orúkọ tí wọ́n ń pè mí níléèwé, ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kì í pè mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Adéọlá wà fún tíṣà.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn. Mo wà ní kíláàsì kẹrin ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà náà. Wọ́n ń wẹ̀ lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n sì fi kan abẹ́ ọmú òsì wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé ó ń dùn wọ́n. Wọ́n ní, "Kò dùn mí. Ìyẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ fi ń bà mí." A fi àdín pa á fún oṣù mélòó kan, a ń pè é ní eéwo. Nígbà tó fi máa tú, apá wọn ti wú.

Mi ò ní purọ́ mọ́ Àǹtí Bísí. Ọjọ́ tí Àǹtí gbọ́ ni wọ́n gbé mọ́tò wá, wọ́n gbé ìyá wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá nígboro Ìbàdàn, wọn kò sì fi oògùn kankan dù wọ́n. Dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ó ní ó ti pẹ́, ó ní àwọn máa gé ọmú náà. Àǹtí sunkún. Lẹ́yìn náà, wọ́n nu ojú wọn, wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn.

"Ìwọ lo máa bá mi sọ fún wọn lábúlé àti ní ìjọ. Sọ pé Màmá lọ kí Bùọ̀dá Akin ní Kàdúná, wọ́n á pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmú."

"Kí ló dé, mà?"

"Ṣé o ò mọ̀ pé wọ́n fẹ́ wá tọrọ Fọlákẹ́ ọmọ mi ni? Apá Akanran lọ́hùn-ún ni àwọn àna yẹn ti wá. Bí wọ́n bá wádìí tí wọ́n gbọ́ pé jẹjẹrẹ wà nínú ìdílé wa, ta ló máa fẹ́ Fọlákẹ́? Ta ló máa fẹ́ ìwọ gan-an?"

Ẹ mọ̀ bí a ti ń ṣe é láàárín wa. Kí á tó fún ọmọ lọ́kọ, a máa wádìí: ṣé wèrè wà nílé yẹn, ṣé wárápá wà, ṣé ẹ̀tẹ̀ wà. Àǹtí ló fi jẹjẹrẹ kún un. Àmọ́ "ìwọ gan-an" yẹn ló mú mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo sì ti ń wo dígí.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo dìde nínú ìjọ nínú aṣọ funfun mi, mo sì sọ pé Ìyá Àgbà ti lọ sí Kàdúná. Wọ́n gbàdúrà ìrìn àjò fún wọn. Kò sí tẹlifóònù lábúlé wa, Bùọ̀dá Akin kì í sì í kọ lẹ́tà, kò sẹ́ni tó lè já mi nírọ́. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Ṣọlá gbé àpò gàrí kékeré kan fún mi, èyí tó kúnná dáadáa. Ó ní, "Bá mi wá ẹni tó ń lọ sí Kàdúná, kó bá mi gbé e fún un. Sọ fún un pé àáró rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi." Mo gbé gàrí náà lọ sí Alákìá. Èmi àti Fọlákẹ́ fi omi tútù àti ẹ̀pà mu ún. Ó dùn.

Ní wọ́ọ̀dù, Màmá Chinedu wà ní bẹ́ẹ̀dì apá òsì Ìyá Àgbà. Ìgbò ni, ó ń ta abọ́ àti ike ní Olódò, wọ́n sì gé ọmú tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ti Ìyá Àgbà. Làràbá wà ní apá ọ̀tún, Hausa láti Ṣáṣá. Orogún Làràbá tẹ́ ẹní sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kò sì lọ sílé àfi bí orogún kejì bá dé láti gbà á sílẹ̀. Ní ti Màmá Chinedu, àwọn obìnrin ìlú wọn tó wà káàkiri Ìbàdàn ló ń wá. Wọn kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ẹnìkan á gbé ọbẹ̀ wá lónìí, ẹlòmíràn á wá wẹ̀ ẹ́ lọ́la, ẹnìkan á kó aṣọ rẹ̀ lọ fọ̀. Obìnrin tíṣà kan wà ní ìparí wọ́ọ̀dù, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ẹnikẹ́ni kì í wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé òun gba ìsinmi.

Ìyá Àgbà ń wò wọ́n, ojú wọn sì ń tàn. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, àáró ni wọ́n ń ṣe yẹn!"

Màmá Chinedu rẹ́rìn-ín. "Màmá, kì í ṣe pé gbogbo wọn ló fẹ́ràn mi o. Ẹni tó wá láàárọ̀ yìí, ó kórìíra mi gan-an. Ṣùgbọ́n tí kò bá wá, wọ́n á pè é lẹ́jọ́ ní ìpàdé."

Inú Ìyá Àgbà dùn sí èyí fún odidi ọjọ́ méjì. Wọ́n ní òun gan-an ni àwọn ti ń wí láti ọjọ́ yìí. "Ẹni tó kórìíra mi tó sì wá, ó sàn ju ẹni tó fẹ́ràn mi tó jókòó sílé lọ."

Mi ò sọ pé ẹ̀yà kan dára ju ẹ̀yà kan lọ. Màmá Chinedu fúnra rẹ̀ sọ fún wa nípa ìyàwó kan ní ìlú wọn, tí ọkọ rẹ̀ dá padà sílé bàbá rẹ̀ nígbà tó rí i pé ọmú ti di ẹyọ kan. Làràbá ní ènìyàn púpọ̀ láyìíká, ṣùgbọ́n nítorí pé dókítà ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ rí àyà rẹ̀, ọmú náà ti jẹrà kí wọ́n tó gbé e wá. Gbogbo ilé ló ní tirẹ̀. Tiwa ni ìkọ̀kọ̀. A lè fi gbogbo ara sin ẹni tó kú, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó ń ṣe é nígbà tó wà láàyè.

Aago mẹ́rin ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn fún àlejò. Bó bá ti kù díẹ̀, Ìyá Àgbà á ní kí n bá àwọn tún gèlè wé, wọ́n á sì máa wo ẹnu ọ̀nà. "Ìyá Ṣọlá ńkọ́?" Mo máa ń dáhùn pé, "Wọ́n ń bọ̀, mà." Nígbà mìíràn mo ní òjò ló dí wọn lọ́wọ́, nígbà mìíràn oko. Irọ́ kì í wọ́n ènìyàn mọ́ bó bá ti pa àkọ́kọ́.

Ojú egbò náà kò jiná, ó sì ń rùn. Ìyá Àgbà tí kì í jẹ́ kí ewé kan wà nílẹ̀ lágbàlá wọn! Àǹtí Bísí ń wá lójoojúmọ́ láti ibi iṣẹ́, wọ́n á mú oúnjẹ dáadáa wá, wọ́n á sì fi áńkáṣíìfù tí wọ́n da lọ́fíńdà sí bo imú. Èmi ni mò ń pọn omi, ṣùgbọ́n mi ò lè wo ojú egbò. Mo máa ń yíjú. Àwọn obìnrin Màmá Chinedu ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ Ìyá Àgbà bí wọ́n bá ti wẹ ẹni tiwọn tán. Obìnrin tó kórìíra Màmá Chinedu yẹn lọ́wọ́ ẹ̀rọ̀ jù láàárín wọn. Kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, kò sì fi ohunkóhun bo imú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Màmá Chinedu bi wọ́n pé, "Màmá, àwọn ènìyàn yín, ṣé wọ́n gbọ́?"

"Wọ́n gbọ́," ni Ìyá Àgbà wí. Mo ń ká aṣọ, mi ò gbójú sókè.

Nígbà tí wọ́n dá wa sílẹ̀, Alákìá la lọ, yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n fi Ìyá Àgbà sí. Bí àlejò bá dé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn náà. Bàálù á máa kọjá lókè, Ìyá Àgbà á máa bi mí pé ṣé èyí ń lọ sí ibi tí ènìyàn wà. Wọn kò béèrè Ìyá Ṣọlá mọ́. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún un. Wọ́n ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe fún un, ọjọ́ méjìlá tí epo jó o, ìkómọ Ṣọlá, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹlẹ́dàá mi á bi í."

Ìyá Ṣọlá sì ti kú. Ní oṣù keje àìsàn Ìyá Àgbà ni, ibà ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà níbi ìsìnkú náà. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé kí ló dé tí Ìyá Akin kò ti Kàdúná bọ̀ wá sin ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo ní a ti ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ fún Àǹtí Bísí, wọ́n ní, "Má sọ fún Màmá. Ó máa pa wọ́n." Mo gbọ́ràn. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣépè fún òkú.

Ní oṣù kẹwàá àìsàn náà, mo mú wọn lọ sí kílíníìkì. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì, Ṣọlá sì kọjá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró. Ó wo Ìyá Àgbà bí wọ́n ti gbẹ, kò sì kúnlẹ̀ dáadáa.

"Ẹ kú àjò, mà. Ẹ ti Kàdúná dé?"

"Kàdúná wo?"

"Kàdúná tí ẹ lọ. Ẹ ò tiẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nígbà tí ìyá mi kú."

Ìyá Àgbà di etí bẹ́ǹṣì mú. "Ta ló sọ pé mo lọ sí Kàdúná?"

Èmi ni Ṣọlá ń wò. Ìyá Àgbà yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O mọ̀ pé ó ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá Àgbà tí gbogbo abúlé ń gbọ́ ohùn wọn rọra sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, tó jẹ́ pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. Wọ́n ní, "Ó di oṣù mélòó tí mo ti ń bínú sí ẹni tí kò ṣẹ̀ mí, Adéọlá."

Adéọlá. Títí wọ́n fi kú, wọn kò pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ mọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní àwọn ń lọ sí ìjọ. Àǹtí Bísí kúnlẹ̀ níwájú wọn, wọ́n fi Fọlákẹ́ bẹ̀ wọ́n. Ìyá Àgbà ní, "Bísí, dìde. Ọmọ rẹ á lọ́kọ. Jẹ́ kí n lọ bá àwọn ènìyàn mi." A gbé wọn lọ. Nígbà tó kan ẹ̀rí, àwọn méjì dì wọ́n mú dìde nínú aṣọ funfun wọn, ohùn wọn sì padà wá bí ti àtijọ́, ó kún gbogbo ilé ìjọsìn:

"Èmi ò dé Kàdúná rí láyé mi! Ìbàdàn yìí ni mo wà. Ọmú mi ni wọ́n gé. Jẹjẹrẹ ni. Mo ń retí yín, ẹ ò wá, mo bínú sí yín, mo sì ṣépè fún ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ò mọ̀. Ẹ foríjì mí. Ìyá Ṣọlá, foríjì mí."

Wọ́n jókòó. Ṣọlá ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, àwọn ará ìjọ kò jẹ́ kí Ìyá Àgbà padà sí Alákìá. Ilé wa lábúlé kún. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ kó agbọ̀n wọn wá síwájú yàrá Ìyá Àgbà kí wọ́n lè máa gbọ́ àwàdà wọn. Màmá Chinedu ń ti Olódò wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ìyá ọkọ àfẹ́sọ́nà Fọlákẹ́ náà wá, ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná dání, ó wo Àǹtí Bísí, ó ní, "Ohun tó pa ìyá tèmi náà nìyí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" Ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ni gbogbo ìyẹn fi rí bẹ́ẹ̀.

Mo tọrọ àforíjì. Mo kúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi bó. Ìyá Àgbà ní àwọn ti foríjì mí, mo sì gbà pé òótọ́ ni, torí wọn kì í purọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú kànìnkànìn láti wẹ̀ wọ́n, wọ́n á ní kí n fún Ṣọlá tàbí ẹni yòówù tó bá wà nítòsí.

Wọ́n kú ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Àǹtí Bísí dé pẹ̀lú ọṣẹ tuntun àti kànìnkànìn tuntun, wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, nítorí iṣẹ́ ọmọ obìnrin ni láti wẹ ìyá rẹ̀. Ìyá ìjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní Ìyá Akin ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lójú ènìyàn mẹ́ta, òun ò sì lè yí i padà. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́: "Àwọn tó wẹ̀ mí nígbà tí mò ń rùn ni kó wẹ̀ mí. Bísí á ra pósí, ó lówó. Adéọlá á pọn omi."

A ránṣẹ́ sí Olódò. Òkú àti ọmọ òkú jọ dúró de àwọn àlejò títí ọ̀sán fi pọ́n. Màmá Chinedu dé pẹ̀lú obìnrin méjì, obìnrin tó kórìíra rẹ̀ yẹn sì wà nínú wọn. Àǹtí Bísí ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kànìnkànìn wà lọ́wọ́ wọn. Màmá Chinedu rọra gbà á. Ó ní, "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́."

Mo lọ sódò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá dé, wọ́n á ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọ́n á gba garawa lọ́wọ́ mi, wọ́n á sì tì í.